Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Rí

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún mi nípa àbúrò mi. Àwọn èèyàn ńlá ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní Màmá Tú-u-Wò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rò pé kò mọ̀. Èmi ń pè é ní olóríkunkun, ojú rẹ̀ kòrókòró ni mo sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni mí, ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí orí mi ń wú nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má bínú. Àbúrò mi ni, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ nílé pé kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ lọ kọ́, bàbá wa bi í léèrè pé ṣé iṣẹ́ tí èèyàn lè fi jẹun nìyẹn. Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ni. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù. Yàrá tútù ni wọ́n gbé e sí, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé ní láti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, olùkọ́ kan rò pé ó wá gbálẹ̀ ni, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i. Àbúrò mi gba ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo ilẹ̀ yàrá náà mọ́ tónítóní, ó wá lọ jókòó sí ìjókòó iwájú. "Mo ti gbálẹ̀ tán, sà," ó ní. "Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ báyìí." Olùkọ́ yẹn kan náà ló padà fún un ní máàkì tó ga jù nínú kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ròyìn ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ náà káàkiri títí ó fi darúgbó.

Nígbà tí àbúrò mi fi máa di olùkọ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì tó gbà á síṣẹ́ kò ju yàrá kan ṣoṣo lọ. Bíríkì ni wọ́n fi ti ẹsẹ̀ tábìlì kan níbẹ̀. Mo mọ̀, torí èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún un, tí mo fi ẹsẹ̀ kọ bíríkì náà, tí gbogbo ìwé orí tábìlì sì dà sílẹ̀. Láti inú yàrá yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ àwọn ọ̀gá, ó bá wọn jà, ó tún bá wọn rẹ́, ó tún bá wọn jà, títí yàrá kan fi di ilé alájà méjì tó ní yàrá ẹ̀kọ́, yàrá kọ̀ǹpútà, àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń fi òjé gbígbóná lẹ wáyà mọ́ra. Ọkọ rẹ̀, kó tó di pé ó kú, máa ń ṣàwàdà pé òun kọ́ ló fẹ́ ìyàwó òun, pé ilé alájà méjì ló fẹ́ ẹ. Àbúrò mi á kàn rẹ́rìn-ín, á gbé fáìlì rẹ̀, á sì máa lọ síbi iṣẹ́.

Àṣà kan wà tó fi mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ọmọ kan bá parí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tó gbé ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá, tí iná ń tàn yinrin lára rẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́, àbúrò mi kò ní wo iná yẹn rárá. Á ní, "Tú u." Ọmọ náà á mú sukurudíráfà, á tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ níṣojú gbogbo kíláàsì. Àbúrò mi á wá bi í pé, "Ibo ni kò dáa níbẹ̀?" Ẹni tó bá ní ó dáa látòkè délẹ̀, á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ìka kan ibi tó kù díẹ̀ káàtó, tó ní, "Ibí yìí ni, Mà, mi ò tíì rí ọ̀nà tún un ṣe," ẹni yẹn ti yege. Àwọn òbí kan wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn nígbà kan pé ó ń dójú ti àwọn ọmọ àwọn. Àwọn ọmọ yẹn náà ló ń ṣàkóso ẹ̀rọ ní bánkì, ní ilé ìwòsàn àti ní pápákọ̀ òfurufú lónìí, àwọn òbí wọn sì ti gbàgbé pé àwọn bínú rí.

Iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni èmi kì í gbádùn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tó yẹ kó sinmi, á wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, láti lọ wò ó bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ohun tó ń pe ara rẹ̀. Á dé tòun ti eruku lórí, ike omi kan àti fáìlì oníke kan lọ́wọ́. Òun ló jókòó kọ òfin tí ẹgbẹ́ náà fi ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò: ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì tó àwọn ọmọ lò. Kí òfin yẹn tó dé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú pátákó ni wọ́n máa ń ya kọ̀ǹpútà sí fún ọmọ, tí wọ́n á sì ní ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ náà fi àbúrò mi ṣe alága ìgbìmọ̀, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì lóríṣiríṣi. Nígbà tí ilé rẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́, ó kó díẹ̀ wá fún mi. Mo ń fi wọ́n tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bí mo bá fẹ́ gé e. Wọ́n wúwo dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Àwọn alábẹ̀wò ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀ka tirẹ̀ wò. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ̀ka náà á máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kò ní lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kankan. Ọmọ-ọmọ mi sì wà lára àwọn tuntun tó ń dúró. Ọmọbìnrin yìí ti yege ìdánwò, wọ́n ti fún un láyè, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹnjiníà lòun. Èmi náà ti ń pè é ní Ẹnjiníà bí mo bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, ẹ mọ̀ pé ọkàn mi wà níbẹ̀ gidigidi.

Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka nígbà náà, ọmọ tí àbúrò mi kọ́ ni. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ jòjòló ni wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Èèyàn dáadáa ni, ẹ̀rù ló máa ń bà á jù. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n rán kọ́tìnnì tuntun sí yàrá kọ̀ǹpútà, kí ojú ibẹ̀ lè mọ́ fún àwọn àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà lórí àga láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo ń ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé, nígbà tí àbúrò mi wọlé. Ọ̀nà àjò ẹgbẹ́ ló ti ń bọ̀, kò sì tíì fojú kan yàrá náà láti ìgbà tó ti lọ.

Gbogbo yàrá náà ń dán. Kọ̀ǹpútà tuntun tò lórí tábìlì lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ojú wọn dúdú, ó ń kọ mànà. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo ní, "Ẹ kú oríire o! Yunifásítì mà ti rántí yín." Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan èyí tó sún mọ́ ọn, ó sì yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?"

"Tiwa ni, Mà," Jẹ́jẹ́ dáhùn. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà. "Títí di ìrọ̀lẹ́."

Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lórí àga. Jẹ́jẹ́ wá ṣàlàyé: ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yá ilé-ẹ̀kọ́ ní kọ̀ǹpútà lọ bí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀. Á fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn wá, á tò wọ́n, á fi wáyà sí wọn nídìí, á sì kó wọn lọ bí àwọn àlejò bá ti yí ẹ̀yìn padà. Jẹ́jẹ́ ní kò síbi tí wọn kì í ti í ṣe é. Ògbólógbòó ẹ̀rọ ẹ̀ka náà, àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú, ó ti kó gbogbo wọn sínú sítọ́ọ̀, ó sì da tapólì bò wọ́n. "Mo ti bẹ yunifásítì títí, Mà, wọn ò dá mi lóhùn," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹ̀ka yìí kú sí mi lọ́wọ́."

Àbúrò mi ṣí ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà.

Mẹ́ta ni wọ́n. Olórí wọn ga fíofío, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n kí wa, wọ́n yin kọ́tìnnì mi pàápàá, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn náà olórí wọn béèrè ohun tí òfin ní kó béèrè: "Ọ̀gá ẹ̀ka, ṣé ti ẹ̀ka yìí ni gbogbo ẹ̀rọ tí a ń wò yìí?"

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún wáyà ìdí kọ̀ǹpútà kan tò. Mo rí i tí àbúrò mi gbé orí sókè, mo sì ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ṣebí èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Mo ṣẹ́jú sí i láti orí àga. Mo mi orí sí i. Mo tiẹ̀ fi ètè pe Ẹnjiníà ilé wa láì jẹ́ kí ohùn jáde, kó lè rántí ẹni tó wà nílé. Ó rí mi kedere. Ó wojú mi, ó sì gbé ojú kúrò.

"Rárá," ó ní. "Kì í ṣe tiwa. A yá wọn fún òní ni. Tiwa wà nínú sítọ́ọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò wọ́n."

Jẹ́jẹ́ ń wo bàtà rẹ̀. Olórí àwọn alábẹ̀wò bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wá rìn lọ sídìí kọ̀ǹpútà kan tí igun rẹ̀ ti là, ó fọwọ́ gbá a lórí pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́. "Èmi àti èyí ti pàdé níbòmíràn," ó ní. "Ó tiẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a bá bi wọ́n níbẹ̀, wọ́n á ní tiwọn ni, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa sọ òótọ́ fún wa."

Nígbà tí wọ́n ti sítọ́ọ̀ dé, ó fa àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sídìí fèrèsé tí mo wà gan-an, torí náà gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́. "Mà, ẹ̀yin lẹ kọ òfin yìí fún wa. Kò sí ẹni tó sin ẹgbẹ́ yìí tó yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ka yín nígbà tí ẹ ń múra àtifẹ̀yìn tì? A lè kọ ọ́ pé àwọn ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ lọ́nà."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀ lọ́nà?"

Ọkùnrin náà tún ń nu awò ojú rẹ̀.

"Mo ti ti ilẹ̀kùn àwọn ẹlòmíràn nítorí ohun tó kéré jù báyìí lọ," àbúrò mi ní. "Àgbàlagbà ọ̀gá ẹ̀ka kan sunkún níwájú mi, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un bí mo bá pàdé rẹ̀? Ẹ kọ ohun tí ẹ rí."

Wọ́n sì kọ ọ́. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ẹ̀ka náà, àfi bí àwọn alábẹ̀wò bá padà wá, tí ohun tí wọ́n bá rí bá òfin mu.

Ká má parọ́, inú bí mi. Bí àwọn àlejò ṣe ń jáde ni mo tún gorí àga, mo sì tú kọ́tìnnì mi kúrò lójú fèrèsé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi bá mi di ẹsẹ̀ àga mú kí n má baà ṣubú. "O ti ba nǹkan jẹ́ fún Ẹnjiníà ilé wa," mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi." Ìyẹn gan-an ló wá bí mi nínú jù, torí mo fẹ́ kó bá mi jà. Mo ká kọ́tìnnì sábẹ́ apá, mo gba ilé lọ, ó sì pẹ́ kí n tó gbé fóònù rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì nígbà tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Ètò tí wọ́n ṣe fún un kò lárinrin. Àwọn olùkọ́ kan ò wá rárá; wọ́n ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Èmi lọ, mo jókòó sẹ́yìn, mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, mo yíjú sí i, mo sì sọ ọ̀rọ̀ sí i lára tó fi gbé àga rẹ̀ lọ síbòmíràn. Èmi lẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo lè bínú sí i. Kí ló kan tirẹ̀?

Àbúrò mi ò jókòó sílé. Ó wọ bùláòsì àtijọ́ kan, ó padà lọ sí sítọ́ọ̀ náà láìgba kọ́bọ̀, ó ká tapólì kúrò, ó sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ti kú, wọ́n á tú wọn palẹ̀, wọ́n á yọ ohun tó ṣì dáa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tò ó pọ̀ di ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti jáde lábẹ́ rẹ̀ gbọ́, àwọn náà ń kó ẹ̀rọ tí wọn ò lò mọ́ níbi iṣẹ́ wọn wá, wọ́n sì ń jókòó tú u pẹ̀lú àwọn ọmọ. Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Nígbà tó yá, ó bọ́ kóòtù rẹ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Kò tọrọ àforíjì, àbúrò mi náà ò sì ní kó tọrọ ẹ̀. Ó kàn na sukurudíráfà sí i ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn, àbúrò mi lọ dúró níwájú gbogbo wọn. Orúkọ ẹ̀ka tirẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: ó ní a yá ẹ̀rọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn wa, ó sì tọ́. Ó wá ní kí wọ́n fi kún òfin pé, kí àwọn alábẹ̀wò tó wo ohunkóhun, kí ọ̀gá ẹ̀ka kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí kò sí. Wọ́n sọ fún mi pé ariwo sọ. Ẹnì kan bi í pé ṣé ó fẹ́ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tì pa ni. Ó ní ohun tóun fẹ́ ni ká mọ èyí tó ṣí lóòótọ́. Wọ́n bá ara wọn fà á títí, wọ́n sì fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn.

Lákòókò yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fún Ẹnjiníà ilé wa láyè. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Mo ra àpótí, mo rán aṣọ tuntun, mo sì mú un lọ wo ibẹ̀. Wọ́n mú wa yí ká. Nígbà tí a dé yàrá kọ̀ǹpútà wọn, tábìlì gbọọrọ la bá, wáyà yọ jáde lára ògiri, kò sí kọ̀ǹpútà kankan lórí tábìlì. Ẹni tó ń mú wa rìn ní wọ́n ti kó wọn lọ tún ṣe. Mo ní, "Gbogbo wọn?" Ó ní gbogbo wọn. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà, ọmọ náà fà mí láṣọ.

"Màmá," ó ní, "mi ò wá síbí mọ́ o."

"Kí ló dé? Ṣebí wọ́n ti gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ mi? Màá dúró de ti Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Bí wọn ò bá ṣí i mọ́ ńkọ́?"

"Màá dúró."

Mo ń wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ títí a fi délé. Inú mi ò dùn o, mi ò ní ṣe bí ẹni mímọ́ fún yín. Ọdún ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìbínú tí mo fi ń sùn tí mo fi ń jí, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe àbúrò mi pé kó wá jẹun. Ó wá, eruku sítọ́ọ̀ ṣì wà nínú irun rẹ̀, ó jẹ ti iwájú rẹ̀ tán, ó tún bu nínú tèmi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kọ́tìnnì nínú wa.

Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò tún padà wá, àbúrò mi kọ̀ láti lọ síbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá rí òun, ojú òun á máa tì wọ́n, wọn ò sì ní lè ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ dá sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wá jókòó sí, ó ní òun fẹ́ bá mi gán bọ́tìnnì. Odindi Ọ̀jọ̀gbọ́n, ibi tí kò sí ihò ló ń gán bọ́tìnnì mọ́. Mo ń tú u lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ń lọ ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo, ó lọ ọ́ lọ ọ́ títí mo fi gba irin lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà jó o fún mi.

Fóònù àbúrò mi dún. Ó gbé e sétí. Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ń gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ láti ibi tí mo jókòó sí, ó ń pariwo, ṣùgbọ́n bóyá ẹkún ni tàbí ayọ̀, mi ò mọ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó ní, "O sọ fún wọn pé díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà ṣì máa ń kú fúnra wọn?" Ó gbọ́ díẹ̀ sí i, ó ní, "Ó dáa." Ojú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún mi, èmi tí mo mọ ojú náà láti ìkókó.

Ó wá na fóònù náà sí ọmọ-ọmọ mi.

"Gbà," ó ní. "Ọ̀gá ẹ̀ka yín fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."